Ìdérí bátìrì kámẹ́rà kán àbí ó sọnù? Ẹ kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tó ń ṣe kẹ́ ẹ tó mú téèpù

Ẹ pa kámẹ́rà yẹn ná, ẹ yọ bátìrì ẹ̀ kúrò, kẹ́ ẹ wá tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò tí bátìrì ń wọ̀. Mo mọ̀ pé ohun tó wà lọ́kàn yín báyìí ni kẹ́ ẹ sáré wá téèpù àbí kẹ́ ẹ tọrọ super glue lọ́wọ́ ẹni tó wà nítòsí, àmọ́ ẹ ní sùúrù díẹ̀, torí ìdérí bátìrì ti kámẹ́rà kan lè má ṣe ju pé ó ń bo ihò lọ, ti òmíì ń tẹ súìṣì kékeré kan tó fi ń jẹ́ kí kámẹ́rà mọ̀ pé ihò ti padé, ti òmíì sì rèé, inú ìdérí yẹn gan-an ni iná ń gbà kọjá. Àtúnṣe tó bá ti àkọ́kọ́ mu ò lè ṣe nǹkan kan fún ìkẹta. Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í nìyẹn: wọ́n á fi téèpù wé kámẹ́rà títí, kò ní tàn, wọ́n á ní ó ti kú, wọ́n á wá tà á lọ́pọ̀ fún ẹni tó mọ̀ pé ike tí ò tó nǹkan ló ń dà á láàmú.

Báwo lẹ ṣe máa mọ èyí tó jẹ́ tiyín? Tó bá jẹ́ DSLR àbí mirrorless ni, ìyẹn àwọn kámẹ́rà tó ṣeé pààrọ̀ lẹ́ńsì, tí bátìrì ẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo tó rí pẹlẹbẹ, ẹ máa rí ike kékeré kan nínú ihò yẹn, ó sábà máa ń ní àwọ̀ ọsàn, funfun àbí eérú, òun ló ń há bátìrì mọ́lẹ̀ tí ò fi ń já bọ́. Tẹ́ ẹ bá ti bátìrì wọlé tó dún "ká", ó ti jókòó nìyẹn, iná ti kàn án, ìdérí ò bá wọn dá sí ọ̀rọ̀ iná rárá. Ẹ ti bátìrì wọlé láìsí ìdérí kẹ́ ẹ tan kámẹ́rà. Tó bá tàn, ẹ fọkàn balẹ̀, ìdérí yín ò ṣe ju bíbo ihò lọ. Tí ò bá tàn, ẹ yẹ etí ihò náà wò yíká, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ rí bọ́tìnì kan tó kéré gan-an, àbí ihò tóóró kan tí imú ike lára ìdérí máa ń wọ̀. Súìṣì nìyẹn. Ọ̀pọ̀ Canon EOS ló ní irú ẹ̀. Ẹ fi orí igi ìtayín tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, kẹ́ ẹ fi ọwọ́ kejì tan kámẹ́rà, tó bá tàn, ẹ ti rí ibi tí àìsàn wà. Igi tàbí ike lẹ máa fi tẹ̀ ẹ́ o, ẹ má ki abẹ́rẹ́ tàbí irin kankan bọ ibi tí bátìrì wà.

Àwọn tó ń lo bátìrì AA, ìyẹn bátìrì roboto tá à ń fi sí rìmóòtù, tiwọn yàtọ̀ pátápátá, mo máa dé ibẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó dá ìdérí lẹ́bi, ẹ wo bátìrì fúnra ẹ̀. Bátìrì lithium tó bá ti gbó, pàápàá èyí tí kì í ṣe ojúlówó, máa ń wú, tó bá ti wú báyìí á máa ti ìdérí síta, ìdérí ò ní lè padé, tẹ́ ẹ bá fagbára tì í, ìkọ́ ẹ̀ á dá. Ẹ gbé bátìrì yẹn sórí tábìlì tó tẹ́jú, kẹ́ ẹ fi ìka tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: tó bá ń yí tàbí tó ń mì, ó ti wú. Ẹ má lò ó mọ́, ẹ má gún un, ẹ má sì jù ú sínú ìdọ̀tí ilé, ibi tí wọ́n ti ń gba bátìrì tó ti bàjẹ́ ni kẹ́ ẹ gbé e lọ. Mo ti rí ẹni tó ra ìdérí tuntun fún kámẹ́rà tó jẹ́ pé bátìrì ẹ̀ ló wú, ìdérí tuntun yẹn náà kán.

Tó bá sì jẹ́ pé ńṣe ló sọnù, ìbéèrè kan wà tí mo máa ń kọ́kọ́ bi èèyàn: ṣé ẹ ti fi battery grip, ìyẹn ìdìmú tó ń gba bátìrì tí wọ́n ń so mọ́ abẹ́ kámẹ́rà, sí kámẹ́rà yẹn rí? Torí lára ọ̀pọ̀ DSLR, wọ́n dìídì ṣe ìdérí yẹn kó lè yọ ni, irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló so ó mọ́ra, irin yẹn sì ní sípíríǹgì, tẹ́ ẹ bá fi èékánná fa ike kékeré tó wà níbẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, irin á wọlé, ìdérí á bọ́ sọ́wọ́ yín wọ́ọ́rọ́wọ́. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kí ẹsẹ̀ grip lè ráyè wọ ihò bátìrì. Ó wá kù síbi tẹ́ ẹ kó ìdérí sí. Àwọn grip kan, ti Canon pàápàá, ní àyè kan lára ẹsẹ̀ tó ń wọ inú kámẹ́rà tí wọ́n ṣe fún kẹ́ ẹ lè há ìdérí sí kó má bàa sọnù, ọ̀pọ̀ èèyàn ni ò sì mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ra kámẹ́rà àti grip ní tòkunbọ̀, ẹ yọ grip yẹn kẹ́ ẹ wò ó dáadáa, ìdérí tẹ́ ẹ ń sunkún ẹ̀ lè wà nínú ibẹ̀ látọjọ́ yìí. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ tú báàgì kámẹ́rà sórí aṣọ funfun, kẹ́ ẹ yẹ abẹ́ àwọn ìpín rírọ̀ inú ẹ̀ wò, nǹkan dúdú nínú báàgì dúdú kì í tètè hàn. Tó bá jẹ́ ilẹ̀ ló já bọ́ sí, ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ máa fẹ̀gbẹ́ lọ, òjìji ìdérí yẹn lẹ máa kọ́kọ́ rí kẹ́ ẹ tó rí òun fúnra ẹ̀.

Grip yẹn tún wúlò lọ́nà míì. Tí ìdérí bá ti lọ pátápátá tẹ́ ẹ sì ní grip, ẹ kàn fi sí i kẹ́ ẹ máa ṣiṣẹ́ yín lọ, torí grip fúnra ẹ̀ ló ń bo ihò, òun náà ló sì ń tẹ súìṣì. Kámẹ́rà á wúwo sí i lóòótọ́, àmọ́ á ṣiṣẹ́ dáadáa, kò sì ní sí téèpù kankan lára ẹ̀.

Ní ti ríra tuntun, òun ni mo fara mọ́ jù tí kámẹ́rà bá ṣì ń jẹ́ nǹkan sí yín, ó sì sábà máa ń rọ̀ ju báwọn èèyàn ṣe rò. Ẹ lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ tẹ orúkọ kámẹ́rà yín ní kíkún, kẹ́ ẹ fi battery door sí i lẹ́yìn, tí ò bá mú nǹkan wá ẹ tẹ battery cover tàbí battery lid, oníkálukú ló ní orúkọ tó ń pè é. Orúkọ ní kíkún ni mo wí o. Mark II kì í ṣe Mark III. Bátìrì LP-E6 ni Canon 5D Mark II, 7D àti 60D ń lò, ìyẹn ò sì sọ pé ìdérí ọ̀kan á bá èkejì mu, torí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi "bátìrì kan náà ni wọ́n ń lò" ta ìdérí fún yín. Ẹ gbé àwòrán tí wọ́n gbé síbẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà yín, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ tí irin ẹ̀ wà, ẹ wo imú tó ń tẹ súìṣì, ẹ wo ihò kékeré tí wáyà ń gbà tó bá ní. Ẹ tún bi wọ́n bóyá irin àti sípíríǹgì ẹ̀ wà lára ẹ̀, torí àwọn kan máa ń ta ike nìkan, ẹ̀yin tí tiyín ti sọnù ò sì ní rí irin fi sí i. Ọ̀nà míì ni kẹ́ ẹ wá òkú kámẹ́rà irú tiyín, èyí tí wọ́n kọ "for parts" sí lára, tí lẹ́ńsì ẹ̀ ti fọ́ àbí tí omi ti wọ̀, ìdérí ẹ̀ á ṣì dáa, ẹ sì tún máa rí nǹkan míì yọ lára ẹ̀.

Tí ìdérí bá wà lọ́wọ́ yín tó kàn jẹ́ pé ìkọ́ ẹ̀ ló dá, ìyẹn ike tíńtín tó ń há mọ́ ara kámẹ́rà, ìyẹn gan-an ló pọ̀ jù, torí ìkọ́ yẹn kéré, òun ló sì ń gba gbogbo wàhálà. Ẹ yọ ìdérí kúrò lára kámẹ́rà kẹ́ ẹ tó fi gọ́ọ̀mù kankan kàn án, èyí ò ṣeé fọwọ́ rọ́ o. Super glue máa ń ṣàn lọ síbi tẹ́ ẹ ò rán an, èéfín ẹ̀ sì máa ń fi nǹkan funfun sílẹ̀ lára ike àti gíláàsì, ẹ fojú inú wo ìyẹn nítòsí lẹ́ńsì. Yàtọ̀ síyẹn, ó máa ń gan jù, tẹ́ ẹ bá lẹ ìkọ́ mọ́ ọn, á di mú, ẹ ṣí i lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta, ó tún ti dá. Epoxy, gọ́ọ̀mù oríṣi méjì tí wọ́n ń pò pọ̀ yẹn, ló dáa jù, òun náà sì nílò ìrànlọ́wọ́. Bí mo ṣe máa ń ṣe é rèé: mo máa fi sáńdípépà ha ojú méjèèjì tó dá díẹ̀ kí gọ́ọ̀mù lè rí nǹkan dì mú, mo máa wá fi abẹ́rẹ́ tó gbóná lu ihò tíńtín sínú ìdérí àti sínú ìkọ́ kí wọ́n dojú kọra, mo máa gé ìdá kékeré lára paper clip, mo máa kì í bọ ihò méjèèjì pẹ̀lú epoxy, kí irin yẹn jẹ́ eegun fún un. Ẹ fi sílẹ̀ títí di ọjọ́ kejì. Mo mọ̀ pé ara epoxy kan wà tó ní ìṣẹ́jú 5, ó lè ti le lójú lóòótọ́ àmọ́ kò tíì gbó, tẹ́ ẹ bá dán an wò lọ́jọ́ yẹn náà, ẹ máa bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Tí ìkọ́ yẹn bá ti sọnù pátápátá, ẹ lè fi epoxy mọ òmíì síbẹ̀ kẹ́ ẹ fi fáìlì ìgéèékánná gbẹ́ ẹ, á gba sùúrù gan-an, èmi ò rò pé ó tó bẹ́ẹ̀ fún ìdérí tẹ́ ẹ ṣì lè rí rà.

Ó yá, àwọn oní AA. Ẹ ṣí ìdérí ẹ̀ kẹ́ ẹ wo inú ẹ̀, ẹ máa rí irin pẹlẹbẹ kan níbẹ̀. Irin yẹn ló so pọ́sítífù bátìrì kan mọ́ négátífù èkejì, òun ló jẹ́ kí fóòtì (volt) 1.5 méjì di 3, tó bá jẹ́ èyí tá à ń chárjì ni, 1.2 méjì á di 2.4. Tí ìdérí bá sọnù, irin lọ, iná gé, kámẹ́rà ò lè tàn láéláé, kódà kẹ́ ẹ wé odindi téèpù mọ́ ọn. Ìdí tí ìkọ́ tiwọn sì fi tètè ń dá ni pé sípíríǹgì wà lábẹ́ bátìrì tó ń ti gbogbo ẹ̀ síta tọ̀sántòru, ike kékeré ló sì ń dá a dúró. Àwọn PowerShot A àtijọ́ àti àwọn Coolpix L, ẹ máa rí wọn káàkiri tí rọ́bà tàbí téèpù wà nídìí wọn.

Tó bá jẹ́ ìkọ́ nìkan ló dá lára AA, tí ìdérí àti irin ẹ̀ ṣì wà, ẹ lọ́rìíre. Ẹ ti ìdérí padé, kẹ́ ẹ gbé pílétì tráípọ́ọ̀dù, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tó ń so kámẹ́rà mọ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń gbé e lé, sábẹ́ kámẹ́rà kó gun orí ìdérí, kẹ́ ẹ wá fún síkúrù ẹ̀ mọ́ ihò tráípọ́ọ̀dù. Ihò yẹn kan náà ló wà lára ọ̀pọ̀ kámẹ́rà, ìwọ̀n 1/4 íǹṣì, torí náà ọ̀pọ̀ pílétì á wọ̀ ọ́. Pílétì á tẹ ìdérí mọ́lẹ̀ gbọin, ó lágbára ju téèpù lọ ní ìlọ́po, ẹ sì lè tú u nígbàkigbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ bátìrì. Fún mi o, kò sí ọgbọ́n kankan nínú gbogbo èyí tó dáa tó o, ó sì bá àwọn DSLR mu náà tí ìdérí wọn bá ti ń ṣí fúnra ẹ̀. Ohun kan péré lẹ máa ṣọ́: síkúrù tó bá gùn jù, ẹ má fi tipátipá wọ̀ ọ́, ó lè lu ìsàlẹ̀ ihò yẹn wọnú kámẹ́rà lọ.

Tí irin náà bá ti lọ, ẹ ní láti wá òmíì rọ́pò ẹ̀. Bàbà pẹlẹbẹ tó tinrin ló dáa, ẹ gé e kó tó orí bátìrì méjèèjì tó ń so pọ̀, kó má sì kan ohun míì, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ike kan tó le kẹ́ ẹ wá fi pílétì tẹ̀ ẹ́. Àwọn kan máa ń ká fọ́ìlì síbẹ̀. Ó lè tàn, àmọ́ fíláàṣì máa ń fa iná gan-an lẹ́ẹ̀kan náà, fọ́ìlì tó tinrin á gbóná, ó sì tètè máa ń ya, tí ègé ẹ̀ kan bá sún lọ so orí bátìrì kan mọ́ ìdí ẹ̀, ó ti bridge nìyẹn, ìyẹn ni pé iná á gba ibi tí kò yẹ kó gbà. Níbi tí bátìrì bá ti jẹ́ mẹ́rin, ẹ wo àmì pọ́sítífù àti négátífù tó wà nínú ihò dáadáa kẹ́ ẹ tó pinnu èyí tẹ́ ẹ máa so pọ̀, torí irin lè jẹ́ méjì nínú ìdérí kan, wọn ò sì gbọ́dọ̀ fara kanra.

Àwọn kámẹ́rà fíìmù àtijọ́ náà ní tiwọn. Canon AE-1 tó jáde ní 1976, iwájú ni ìdérí bátìrì ẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́ńsì, ike ni, bátìrì fóòtì 6 tí wọ́n ń pè ní 4LR44 ló ń gbà, láìsí bátìrì yẹn kò ní ya nǹkan kan rárá. Ìdérí tiẹ̀ ti kán lára àìmọye wọn torí àwọn èèyàn máa ń fi ohun tó nípọn jù gbẹ́ ẹ ṣí. Ìròyìn ayọ̀ ni pé bátìrì yẹn ti há sáàárín irin méjì nínú ibẹ̀, ìdérí ò gbé iná, téèpù dúdú tó mọ́ tónítóní á ṣe é. Pentax K1000 àti Nikon FM yàtọ̀, ìdérí roboto tó ń yí wọlé bíi síkúrù ni tiwọn, irin ni, inú ẹ̀ sì ni iná ń gbà. Àmọ́ kámẹ́rà méjèèjì yìí lè ya fọ́tò láìsí bátìrì, ohun tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ nìkan ni ò ní ṣiṣẹ́, torí náà kẹ́ ẹ tó rí ìdérí míì, ẹ lè fi fóònù wọn ìmọ́lẹ̀ kẹ́ ẹ máa yà lọ. Tí ìdérí yíyí bá há tí ò ṣí, ó sábà máa ń jẹ́ pé bátìrì ti tú omi síbẹ̀. Ẹ wá owó irin tó kún ojú ihò ẹ̀ dáadáa, ẹ má fi sukudiráfà tó tinrin ha á. Tó bá ṣí, tẹ́ ẹ rí nǹkan funfun tàbí àwọ̀ ewé, ẹ fi òwú tẹ́ ẹ ki bọ fíníkà díẹ̀ nù ún, kẹ́ ẹ wá fi òwú míì tó ní isopropyl alcohol nù ún gbẹ, ẹ má da nǹkan kan sínú ihò o, òwú ni kó rin, kì í ṣe kámẹ́rà.

Ní ti téèpù, tó bá di pé ẹ gbọ́dọ̀ lò ó, gaffer tape ni, ìyẹn téèpù aláṣọ táwọn oníkámẹ́rà máa ń lò, òun ni kì í fi gọ́ọ̀mù tó ń lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́ sílẹ̀ bíi duct tape. Ẹ ká etí ẹ̀ kan padà sínú kẹ́ ẹ lè rí ibi dì mú nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣí i. Àwọn tí súìṣì ń dà láàmú, ẹ gé ike kékeré tàbí orí igi ìtayín tó kàn tó láti tẹ súìṣì yẹn, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú téèpù níbi tó máa dojú kọ ọ́, kó lè jẹ́ pé bẹ́ ẹ bá ṣí téèpù, òun náà á bọ́. Ẹ má ki í há síbẹ̀ títí láé, pàápàá tó bá jẹ́ pé abẹ́ ìdérí yẹn kan náà ni mẹ́mọ́rì káàdì wà. Súìṣì yẹn ló ń dáàbò bo káàdì: ó ń jẹ́ kí kámẹ́rà mọ̀ pé wọ́n ti ṣílẹ̀kùn. Tẹ́ ẹ bá ti tàn án jẹ, kò sí ohun tó máa dá yín dúró kẹ́ ẹ má yọ káàdì nígbà tó ṣì ń kọ fọ́tò sí i, fọ́tò yẹn á sì bàjẹ́, nígbà míì gbogbo ohun tó wà lórí káàdì á bá a lọ. Torí náà ẹ máa pa kámẹ́rà ná, ẹ dúró kí iná pupa kékeré tó ń fi hàn pé ó ń kọ nǹkan sórí káàdì kú.

Àwọn tó ní 3D printer tàbí tó mọ ẹni tó ní, ẹ yẹ Thingiverse àti Printables wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn èèyàn ti gbé àwòrán ìdérí kámẹ́rà oríṣiríṣi síbẹ̀. Ẹ má fi ike tí wọ́n ń pè ní PLA ṣe é, ó máa ń rọ̀ níbi tó gbóná tó nǹkan bí 60°C, inú mọ́tò tó wà nínú oòrùn sì lè sún mọ́ ọn, ike PETG dáa jù ú lọ. Ẹ tún jẹ́ kí ìdérí dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbà tí ẹ̀rọ bá ń tẹ̀ ẹ́ kí ìpele ike yẹn lè máa lọ ní gígùn ìkọ́, tí wọ́n bá gé ìkọ́ ní ìbú, ọjọ́ àkọ́kọ́ náà ló máa dá.

Àwọn kámẹ́rà kéékèèké tó ń wọ omi, ẹ̀yin ni mi ò ní gbà láyè kẹ́ ẹ fi téèpù ṣe é. GoPro HERO5 Black tó jáde ní 2016 lè wọ omi tó jìn tó mítà 10, rọ́bà tó wà létí àwọn ìlẹ̀kùn ẹ̀ ló ń gbà á là. Tí ìlẹ̀kùn bá lọ tàbí rọ́bà bá ya, ó ti di kámẹ́rà orí ilẹ̀ nìyẹn títí tẹ́ ẹ máa fi rí ìlẹ̀kùn gidi. Ìlẹ̀kùn kan tún wà tí wọ́n lu ihò sí kẹ́ ẹ lè máa chárjì nígbà tẹ́ ẹ bá ń ya fídíò, ẹ wò ó dáadáa kẹ́ ẹ tó rà á, òun náà ò lè wọ omi.

Ó ku àwọn tó jẹ́ pé ara kámẹ́rà fúnra ẹ̀ ló ya, níbi tí ìkọ́ máa ń há sí, tàbí níbi tí irin tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ń jókòó sí. Ìdérí tuntun ò lè yanjú ìyẹn, ó máa gba pé kí wọ́n tú abẹ́ kámẹ́rà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tú u fúnra yín, ẹ mọ̀ pé síkúrù àwọn kámẹ́rà tí wọ́n ṣe ní Japan kì í ṣe Phillips, ìyẹn olórí àgbélébùú tó wọ́pọ̀, JIS ni, ìyẹn irú ti Japan tó jọ ọ́, sukudiráfà Phillips á jẹ orí ẹ̀ mọ́lẹ̀. Èyí tó wá ṣe pàtàkì jù: kámẹ́rà tó bá ní fíláàṣì nínú ní capacitor kan, ìyẹn ohun tó ń tọ́jú iná pamọ́, tó lè ní iná tó nǹkan bí fóòtì 300, kódà lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti yọ bátìrì. Irú ìyẹn, ẹ gbé e fún ẹni tó ń tún kámẹ́rà ṣe, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó mọ̀ pé abẹ́ nìkan lẹ fẹ́ kó pààrọ̀, kó má lọ tú odindi ẹ̀ palẹ̀ torí ìdérí.